Àwọn Òkú Etí Odò Ìkòsí Tí Mo Fi Irọ́ Bò

Ẹni tí ìwé yìí bá bọ́ sí lọ́wọ́, ẹ dúró ná. Bí ẹ bá ń rí pupa nínú ìtọ̀ yín, ẹ má kà á tán. Ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹ wá ọ̀nà ọsibítù lọ. Ọ̀rọ̀ mi lè dúró dè yín, àìsàn yẹn kò ní dúró. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó ti pẹ́ jù nínú mi, ó ti ń rà. Mo ti ti ilẹ̀kùn, nítorí bí olórí ẹbí wa bá gbọ́ pé mo kọ èyí, n kò mọ ilẹ̀ tí n óò tún máa gbé.

Sàláwù ni mí, ọmọ Ìkòsí níbí. Sítáńdáàdì Tíríì ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá ń fẹsẹ̀ kọ, ẹ fà mí lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí mo jogún lọ́dọ̀ bàbá mi ni wíwẹ òkú àwọn ọkùnrin Mùsùlùmí, láti Ìkòsí títí dé Kẹtu àti Alápẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ mú mi wọ yàrá òkú, ó ní, "Sàláwù, ohun tí ojú bá rí lára òkú, ẹnu kì í sọ ọ́. Bí o bá rí àbùkù, bò ó, kí Ọlọ́run lè bo tìrẹ." Òfin dáadáa ni. Èmi ni mo sọ ọ́ di ibi. Nígbà ayé bàbá mi, agbára káká la fi ń rí òkú tó ní kókó lábẹ́ ìdodo, kókó tó le bí òkúta. Bí a bá tilẹ̀ rí i, arúgbó ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ilé kíkọ́ ti ń pọ̀ l'Ékòó, tí àwọn ọmọkùnrin wa ń dúró sínú Odò Ògùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí omi dé wọn láyà, tí wọ́n ń wa yanrìn kún ọkọ̀, ohun tí mo ń rí yí padà. Kò sí ọdún tí n kì í rí i mọ́. Ó tún wá ń bá àwọn tí ewú kò tíì hù lórí wọn. Aṣọ ìdí wọn á ti gan fún ẹ̀jẹ̀. Mo rí i. Mo mọ̀ pé ó ń pọ̀ sí i. Mo bò ó.

Nígbà tí mọ́tò ti ń gba ọ̀nà Ìkòròdú kọjá dáadáa, dókítà kan wá bá wa láti Èkó, Dókítà Ẹ̀bùnọlá, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, òun àti wolé-wolé kan. Ó jókòó lórí ẹní, ó ní, "Bàbá, jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju ti àtijọ́ lọ, ti kíndìnrín náà ń yọjú. Àmọ́ n kò mọ̀ bóyá àìsàn ló ń gbèrú, àbí àwọn ènìyàn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ọsibítù gbọ́. Ẹni tó bá kú sílé, a ò rí i kà. Ẹ̀yin lẹ rí wọn. Ṣé ó ń pọ̀ sí i?" Ó ṣàlàyé pé kòkòrò kan wà nínú omi odò tó ń wọ ara, pé òun ló ń fa ìtọ̀ ẹ̀jẹ̀, àti pé bó bá pẹ́ nínú ara, ó lè di jẹjẹrẹ. Bí wọ́n bá tètè rí i, abẹ́rẹ́ wà. Ó ní bí òun bá rí ẹ̀rí pé etí odò ló ti ń pọ̀, òun á bẹ ìjọba kí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ wá, kí wọ́n sì gbẹ́ kànga fún wa. Kí ni mo dá a lóhùn? "Ibà ni, dókítà. Ibà ló ń pa wọ́n." Ẹ̀rù ló sọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe èmi. Rárá, èmi ni. Ẹ má jẹ́ kí n tún sá.

Bàbá Jímọ́ọ̀, olórí ẹbí wa, ti pè mí sẹ́yìnkùlé kí àlejò tó dé. Ó ní, "Bí ìjọba bá gbọ́, wọ́n á ti odò. Ta ló máa ra ilẹ̀ níbi tí ọkùnrin ti ń tọ ẹ̀jẹ̀? Ìdílé wo ló máa fún wa lọ́mọ fẹ́? Wọ́n á ní àrùn ń bẹ nílé wa. Àṣírí òkú, ṣé ìwọ ló fẹ́ tú u?" Mo ní, "Ká má rí i, Bàbá." Ó gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́, ó ní, "Ọmọ bàbá rẹ ni ọ́." Orí mi wú. Ẹ wo òmùgọ̀! Òfin tí wọ́n fi lélẹ̀ láti fi bo òkú, mo wá fi ń pa alààyè. Pípa ni mo sọ, n kò ṣì í sọ.

Àjíṣafẹ́ ni àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, oníyanrìn ni. Láti kékeré ló ti ń tọ̀ pupa, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe létí odò. "Ẹ wá wò ó o, Àjíṣafẹ́ ń ṣe nǹkan oṣù!" Àwọn àgbà á ní ó ti di ọkùnrin nìyẹn. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wá dé ibi tí kò lè tọ̀ láìké, ó dì mí lápá mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ bá dókítà yẹn." Mo ní kó ṣe sùúrù, pé àgbo kan wà ní Agbóyi tó dára. Ó ní, "Àgbo wo ni n kò tíì mu? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tìtorí orúkọ pa mí." Mo gbọ́ ọ. Etí mi kò di. Bó bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, irọ́ mi tú, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn.

Àwọn oníyanrìn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló lọ fọ̀rọ̀ tó dókítà létí. Ó dé lọ́sàn-án, ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó béèrè Àjíṣafẹ́. Mo ní ó ti lọ sí Ìkòròdú, nílé àna rẹ̀. Ọmọ́ṣaléwá, ìyàwó rẹ̀, ló lọ síbẹ̀ lọ wo ìyá rẹ̀. Àjíṣafẹ́ wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ó gbọ́ ohùn dókítà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Mo yára wọlé bá ìyàwó mi. "Àrìnkẹ́, mú ọmọ odó." "Kí ni n óò gún?" "Mo ní kí o gún un!" Ó gún odó òfìfo, gbì, gbì, omijé ń bọ́ sínú odó, ohùn àbúrò mi sì rì mọ́ ọn. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Iyán ń bẹ níbí lónìí." Mo ní, "Ẹ bá wa jẹ níbẹ̀, dókítà." Ẹnu mi yìí ló sọ bẹ́ẹ̀! Ó dúpẹ́, ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Àjíṣafẹ́ kú kí ìyàwó rẹ̀ tó dé. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi kan kókó náà. Mo pa ojú rẹ̀ dé, ó tún ṣí. Nígbà tí Ọmọ́ṣaléwá béèrè pé ṣé kò sí ẹni tó lè gbé e lọ sí ọsibítù ni, mo ní kò sí mọ́tò.

Ní báyìí, ìtọ̀ èmi náà ti pupa. Mo bá wọn wa yanrìn nígbà èwe mi. Mo lọ bá dókítà l'Ékòó, mo sì ka gbogbo òkú náà fún un, láti ilé dé ilé, láti ìgbà bàbá mi. Kò bú mi. Ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nígbà yẹn ni mo fi ránṣẹ́ sókè. Mo kọ ọ́ pé àìsàn yìí kò pọ̀ sí i létí odò yín. Wọ́n ti gbé abẹ́rẹ́ lọ síbòmíràn." Ó ní òun á tún un kọ, àmọ́ òun kò mọ ìgbà tí wọ́n máa dáhùn. Ó ní tèmi ti pẹ́ jù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wọ odò yẹn, ìtọ̀ ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe àmì ọkùnrin. Ẹ má jẹ́ kí àgbà kankan fi ojú orúkọ ẹbí wo ìwàláàyè yín, ì báà ṣe èmi.

Lánàá, mo dọ̀bálẹ̀ fún Ọmọ́ṣaléwá, ìyàwó àbúrò mi. Ó ń ṣa ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní, "Mọ́tò wà lójú ọ̀nà?" Mo ní ó wà. "Ó ń pè?" "Ó ń pè." "Ta ló ń pè?" Mo ní, "Èmi ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n, ló ń wí." Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀fọ́. Mo ní, "Ìyàwó wa, forí jì mí." Ó ní, "Mo ti gbọ́." Mo ní, "Ṣé o forí jì mí?" Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó wọlé. Mo pè é, mo tún pè é. Mo ń gbọ́ ìrìn rẹ̀ nínú ilé.