Orúkọ Tí Bàbá Fún Kọ̀mpútà

Ìjà ẹ̀yà sí ẹ̀yà ní Warri ò tíì rọlẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń tún kọ̀mpútà ṣe ní Warri–Sapele Road.

Bàbá kan ní, "Linux, ètò kọ̀mpútà ọ̀fẹ́ tí o ní kí n lò, ò jẹ́ kí n wọlé mọ́. Fọ́tò ilé wa tí wọ́n dáná sun wà nínú rẹ̀."

"Bàbá, orúkọ wo lẹ fún un nígbà tó bi yín?"

"Irọ́ ni mo pa, mi ò sì rántí èwo mọ́."

"Fún kọ̀mpútà? Baba, na machine o."

"Àwọn tó dá ọkọ̀ ojú omi wa dúró náà, orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè. Àbúrò mi sọ tirẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni wọ́n pa á sí."

Obìnrin náà fa àga fún un.

"Ẹ máa pe àwọn orúkọ irọ́ tí ẹ máa ń lò, ká dán wọn wò."

Bàbá kọ́kọ́ wò mí, ó wá ń rọra pè wọ́n sí i létí.