Fìtílà Ìyá Mi ní Òdìkejì Odò

Ìyá ọkọ mi pè mí ní àárọ̀ yìí, ohun tí wọ́n sì sọ sí mi létí ló mú mi wá bá yín. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹkún tí mo rò pé mo ti sun tán ló tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́, kí ẹ tó bá mi dá sí i.

Àdín ni ìyá mi fi tọ́ mi. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ò tíì dé Ìbàdàn, tí àwọn òyìnbó ò tíì máa ra èkùrọ́ lọ́dọ̀ wa, orí ààtàn ni wọ́n ń dà á sí ní abúlé wa lẹ́bàá Olódò, bí wọ́n bá ti fún epo tán. Ìyá mi á ṣà á, wọn á sá a, wọn á jókòó ti òkúta, wọn á máa pa á kò, kò, kò. Wọn á yan án nínú ìkòkò títí yóò fi dúdú tí yóò máa làágùn, wọn á gún un, wọn á lọ̀ ọ́, wọn á sè é, àdín á sì léfòó. Ohun tí ayé kó dànù ni gbogbo abúlé fi ń tanná! Ẹni tó bá ra àdín ìyá mi kì í tún ra ti ẹlòmíràn, nítorí fìtílà rẹ̀ kì í tètè kú. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn o.

Ilé tí orí wá gbé mi lọ ní òdìkejì odò abúlé wa, Èṣù ni wọ́n ń bọ níbẹ̀, àdín sì ni èèwọ̀ Èṣù. Kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ agboolé wọn. Epo pupa ni wọ́n ń tàn. Mo gbà, nítorí ọkọ mi ṣèèyàn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ṣe àdín, mo máa ń sọdá odò lọ sí àtíbàbà tí ìyá mi ti ń pa èkùrọ́, n ó sì wẹ̀ kí n tó padà sílé.

Nígbà tó yá, orúnkún kọ̀ fún ìyá mi, èmi nìkan ni wọ́n sì bí. Ọkọ mi ní kí n mú wọn wá sọ́dọ̀ wa. Àṣé ó kù síbẹ̀! Ìyá ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Àna mi, ẹ kú ìrìn o. Òórùn àdín ń bọ̀ lára yín. Ẹ lọ fi ọṣẹ wẹ̀, kí ẹ sì ṣèlérí pé ẹ ò ní fi para mọ́, kí ẹ máa wọlé."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ọṣẹ kẹ̀? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé àdín ni àwọn ọlọ́ṣẹ ń sè mọ́ eérú? Àdín yìí ló ń gbé orúnkún mi rìn, àna mi. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ta ni yóò gbé mi dé ẹ̀yìnkùlé?"

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ títí, ìyá ọkọ mi ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ mi ń wolẹ̀ ṣáá. Ọkùnrin wo ni yóò bá ìyá rẹ̀ jà nítorí ìyá ìyàwó?

Bí ìyá mi ṣe padà sí àtíbàbà nìyẹn. A mọ ògiri yí i ká fún wọn, nítorí ibẹ̀ ló sún mọ́ wa ju ilé wọn nínú abúlé lọ. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń gbé oúnjẹ lọ, wọn á sì máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé èkùrọ́ lalábàákú ẹ̀wà, a ò lè rí ara wa fi sílẹ̀. Ìgbà tí mo bímọ, òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá dé, odò ń kún. Ìyá mi ní, "Má gbé ìkókó la omi kọjá nítorí mi. Bí o bá ti rí iná mi láti ẹ̀yìnkùlé yín, mo wà láyé. Ọjọ́ tí o ò bá rí i, kí o sáré wá." Kí wọ́n má baà máa bẹ̀rẹ̀ bu àdín, èyí tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ni mo bù kún àwo fìtílà wọn dẹ́nu. Mo tún gbé orù àdín kan tì í.

Òjò rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ kejì. Ilẹ̀ ṣú, mo rí iná, mo dúpẹ́. Ní ìdájí mo tún yọjú, iná ṣì ń jó. Mo ní, "Ìyá mi ti jí." Mo ń fún ọmọ lọ́mú, mo ń kọrin! Ìrọ̀lẹ́ ni odò tó fà tí mo sọdá. Iná ń jó o. Ìyá mi ti tutù, ara wọn ti le, agbè omi sì dojú dé lẹ́bàá ọwọ́ wọn. Yéè! Àdín tí kì í tètè kú! Ká ní mo ṣe é ní jákujàku ni, iná ì bá ti kú, èmi ì bá sì ti la odò náà kọjá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ìgbà ò lọ bí òréré: orúnkún ti wá mú ìyá ọkọ mi náà mọ́lẹ̀, èmi ni mo sì ń tọ́jú wọn. Ní àárọ̀ yìí, wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n fà mí mọ́ra. "Ìyàwó mi, wọ́n ní àdín ló mọ orúnkún í wò. Wá díẹ̀ fún mi. Má jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́."

Ẹ gbà mí, ẹ̀yin àgbà! Inú ń bí mi, àánú wọn sì ń ṣe mí. Orù tí mo gbé ti fìtílà níjọ́ náà ṣì wà níbẹ̀, n kò ṣí i rí. Àdín ò lè wọ ilé yìí. Ṣé kí n wá pọn wọ́n sẹ́yìn ni, kí n gbé wọn sọdá odò, kí n tẹ́ wọn sórí ẹní tí ìyá mi kú sí, kí n máa fi ra wọ́n lórúnkún? Àbí kí n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́? Ẹ tètè sọ fún mi o. Wọ́n tún ti ń pè mí.