Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Ẹnu Sípánà

Alága wa, ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin àlejò, ẹ̀yin ará ilé mi, mo kí yín. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tá a jọ ń nu irin tó ti dípẹtà nínú yàrá irinṣẹ́ àtijọ́ yìí, mo kí yín lọ́tọ̀.

Ìyá Kẹ́rọ́sìn, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ọjọ́ tí mo gbé búrọ́ọ̀ṣì onírin ti sípánà àtijọ́, ìyá yìí pariwo: "Ọmọ yìí, ṣé irin lò ń fọ̀ ni, àbí ẹni tó rọ ọ́ lò ń pa rẹ́?" Ẹ ṣeun, màmá.

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ìdí tí mo fi ń kúrò láàárín yín. Sípánà ńlá inú gíláàsì lọ́hùn-ún, tí káàdì rẹ̀ ń sọ pé bàbá bàbá Alága ló rọ ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti lò ó títí tó fi dán ni wọ́n tó lu lẹ́tà orúkọ bàbá yẹn sí i lára. Àmì ẹni tó ni ín ni, kì í ṣe ti ẹni tó rọ ọ́. Mo ha ọ̀dà kúrò lábẹ́ ẹnu rẹ̀, mo bá àmì tí wọ́n tẹ̀ sí i nígbà tí irin ṣì pọ́n: orúkọ opó kan tó jogún ilé àgbẹ̀dẹ ọkọ rẹ̀. Mo wá ìdílé rẹ̀ kiri títí mo fi rí ọmọ rẹ̀ obìnrin. Arúgbó náà fọwọ́ pa àwòrán sípánà náà, ó ní, "Màámi nìyẹn. Ṣé wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀?" Mo ní wọ́n á kọ ọ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún yín, Alága ní, "Àbúrò mi, ta ló máa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹnu sípánà?" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò kàwé kọjá girama. Mo rò pé bóyá ojú mi ló ń tàn mí. Mo padà lọ wò ó, mo tún un wò. Ojú mi ò tàn mí.

Mo jẹ̀bi o: nígbà tí mo máa tún un sọ, iwájú àlejò ni mo ti fìbínú sọ ọ́. Alága, ẹ foríjì mí fún ibi tí mo ti sọ ọ́. Mi ò tọrọ àforíjì fún ohun tí mo sọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Níhìn-ín, ó bá a lóòótọ́, ó kí i, ó sì kọjá lọ. Ẹ̀yin àgbà, kí ni kí n wá sọ fún arúgbó yẹn?

Mo ti tú ẹ̀bùn ìdágbére tẹ́ ẹ fún mi wò lábẹ́ tábìlì. Sípánà àtijọ́ tó dára ni, ẹ sì ti lu orúkọ mi sí i lára gàdàgbà. Ta ló rọ ọ́? Ẹnikẹ́ni ò béèrè. Tí mo bá kú tán, ẹnìkan á gbé e sínú gíláàsì, á ní èmi ni mo rọ ọ́. Mo fi í sílẹ̀ fún yín sórí tábìlì yìí.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí gbogbo wa sí. Kó fún yín ní ìlera, kó bá yín wo àwọn ọmọ yín. Kó má sì jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ yín máa jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn.

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi.