Ẹ̀bi Kọ̀ǹpútà Tí Mo Dì Ru Ìyá Rọ̀kíbà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ti lé lọ́dún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ǹ bá tún pa á mọ́ra, ṣùgbọ́n ní Mápó lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé ìyá tí mo ṣẹ̀.

Nígbà tí mo jáde yunifásítì, Alhaji kan tó ń ta oògùn òyìnbó gbà mí síṣẹ́ pé kí n kó àkọsílẹ̀ ọjà wọn sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Òkè Padre. Ìyá Rọ̀kíbà, òṣìṣẹ́ wọn tí mo bá níbẹ̀, ló ń kọ oògùn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, sínú káàdì.

Agbára Alhaji kò ju kọ̀ǹpútà kan lọ. Mo sọ fún wọn pé ọ̀kan tó, bí ọjà tilẹ̀ gbòòrò sí i, bí a bá ṣáà ń ṣe àdàkọ ohun inú rẹ̀ sórí dísìkì ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn.

Mo tún ní kí wọ́n kó àwọn káàdì náà kúrò nílẹ̀. Wọ́n kó wọn fún àwọn alákàrà láti fi di àkàrà. Ìyá Rọ̀kíbà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, bí ẹ̀rọ yín bá ṣàìsàn ńkọ́, ṣé àkàrà la ó lọ bi?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Àdàkọ náà máa ń gba àkókò. Mo ṣe é lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo wá ń fi í falẹ̀. Odindi oṣù mẹ́rin, n kò ṣe ẹyọ kan. Bí Alhaji bá béèrè, mà á ní mo ti ṣe é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀rọ náà kú, kò sì jí mọ́. Ìyá Rọ̀kíbà ti ki kẹ́tùlù wọn bọ iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láàárọ̀. Mo sọ fún Alhaji pé kẹ́tùlù ló pa á. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé irọ́ ni. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n béèrè dísìkì, mo ní iná kan náà ló bà á jẹ́. Ìyẹn, irọ́ gbáà ni.

Ìyá tó lè bí mi kúnlẹ̀ fún mi, wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ Alhaji. Mo yíjú sí ògiri. Alhaji dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ní Mápó, ìyá náà bi mí bóyá ọjà Alhaji ti gbérí. Wọ́n ní láti ìgbà náà, àwọn kò jẹ́ kí ọmọ àwọn kankan fọwọ́ kan ohun tó ń lo iná. Wọ́n wá gbàdúrà fún mi: “Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹlòmíì ba iṣẹ́ rẹ jẹ́ mọ́.” Mo ṣe àmín.

Bí mo bá sọ fún Alhaji, iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyẹn tọ́ sí mi. Ojú ìyá yẹn ni n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn nílé ní Bẹyẹrúnkà ni, tàbí kí Alhaji ti pè wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí mo ṣe?