Kòkòrò Inú Ẹrẹ̀ Tí Mo Pè ní Ti Kànrìnkànrìn Òkun

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Ní báyìí, wọ́n fẹ́ lé ọmọbìnrin kan kúrò ní yunifásítì lórí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi.

Kànrìnkànrìn òkun ni mo fi ṣe ìwádìí mi ní yunifásítì ní Òmù-Àrán. Ẹranko ni, ìsàlẹ̀ òkun ló ń gbé, kì í kúrò lójú kan. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí kún inú rẹ̀. Imí-ọjọ́ tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, tó jẹ́ májèlé fún un, òun ni wọ́n ń jẹ, wọ́n á sì sọ ọ́ di ohun tí kò lè pa á lára. Ọ̀gá mi tó ń darí ìwádìí náà fẹ́ kí n yọ àwọn kòkòrò náà, kí n máa sìn wọ́n nínú ìgò.

Láti Èkó ni wọ́n ti gbé e wá fún mi nínú omi òkun. Nígbà tí iná ilé-ẹ̀kọ́ bàjẹ́, mo gbé e lọ sílé wa ní Èsìẹ́, torí a ní sólà. Mo lọ kírun Jímọ̀. Kí n tó dé, màmá mi ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, wọ́n ti sá a sórí ọgbà.

"Sùlé, kànrìnkànrìn rẹ ti ń rùn," ni wọ́n wí. "Ṣé bí o ṣe ń wẹ̀ ní Òmù-Àrán nìyẹn?"

Gbogbo kòkòrò inú rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n wàláhì, mi ò lè bínú sí wọn. Ẹ̀rù ọ̀gá mi ló bà mí. Ni mo bá lọ bu ẹrẹ̀ dúdú níbi tí wọ́n ń da omi ẹ̀gẹ́ sí lẹ́yìn ilé wa. Òórùn kan náà ni. Kòkòrò inú rẹ̀ jẹ imí-ọjọ́ dáadáa. Mo sọ pé inú kànrìnkànrìn ni mo ti yọ wọ́n. Inú ọ̀gá dùn, wọ́n ń yìn mí kiri.

Mo gboyè, mo di tíṣà. Rùkáyà, ọmọbìnrin tí mo wí yẹn, ló gba iṣẹ́ ìwádìí náà lẹ́yìn mi. Kànrìnkànrìn gidi ló ń lò, ohun tó ń rí ò sì bá tèmi mu rárá. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni, wọ́n ní irọ́ ló ń pa. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Tí mo bá sọ òótọ́, ìwé-ẹ̀rí mi lọ, iṣẹ́ mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìyàwó àti ọmọ.

Àná ló pè mí, ó ń sunkún. "Bùrọ̀dá Sùlé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ bá mi ṣàdúà kí Ọlọ́hun fi ibi tí mo ti ṣàṣìṣe hàn mí."

Mo ní àmín, mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀?