Ìyá Eku Tí Kì í Sin Ọmọ

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Díẹ̀ ló kù kí ti Àrìnkẹ́ pé ogún ọdún. Nígbà tí inú rẹ̀ wú, tí ilé ìwòsàn ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe mọ́, kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, ó ní kí Dúpẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ pe Láyí wá láti Ayégbajú. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà tí òun kò gbọdọ̀ gbé wọ sàárè.

Òun àti Láyí ló jọ tọ́jú eku funfun rí ní ilé ìwòsàn ìjọ kan n'Ìkọ̀lé, lọ́dọ̀ òyìnbó tí ìlú ń pè ní Dókítà Eléku. Wọ́n á máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ó ti òkè òkun wá ń sin oúnjẹ ológbò. Dókítà a máa gún àwọn eku náà lábẹ́rẹ́ oró tí kòkòrò àrùn ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn a sì kú. Ìyá eku kan kì í kú, àwọn ọmọ rẹ̀ náà kì í kú. Dókítà ní nǹkan kékeré kan ló yí padà nínú ohun tí wọ́n jogún, tí ara wọn fi ń kọ oró náà. Ó ní bí òun bá rí ìdí rẹ̀, bóyá òun á mọ ohun tí àwọn á ṣe sí ibà tó ń pa ọmọ ọwọ́.

Ibà yẹn ti gba ọmọ méjì lọ́wọ́ Àrìnkẹ́, oyún mìíràn sì wà nínú rẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń wo ìyá eku tó ń fọ́mọ lọ́mú tí kì í sin ìkankan. Àgbàlagbà ń jowú eku!

"Bàbá Wọlé," ni Àrìnkẹ́ wí bí Láyí ti jókòó. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀. "Èmi ni mo kó àwọn eku yẹn. Mo sè wọ́n, ìyá àtọmọ, mo jẹ wọ́n teegunteegun, kí ọmọ inú mi lè lágbára bíi tiwọn. Mo fi eku mìíràn sínú àgò wọn. Ìgbà tí Dókítà gún àwọn yẹn, tí wọ́n kú tán, ó ní ìwọ lo dà wọ́n pọ̀."

Ó sunkún díẹ̀. Ohun tí eku jogún nínú ìyá rẹ̀, ta ló lè fi ata sè é sínú ara ènìyàn? Dúpẹ́ kàn yè ni, bí ọmọ ẹlòmíràn ṣe ń yè.

"O gbé ọwọ́ lé orí ọmọ rẹ lójú mi, o ní bó bá jẹ́ pé o dà wọ́n pọ̀, kí Wọlé má dàgbà. Mo dúró bí òpó. Kí iṣu tuntun tó jáde, ibà mú Wọlé lọ. Gbogbo ìlú ní ìbúra ló pa á. Uṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ulé rẹ tú, n kò sọ̀rọ̀. Dárí jì mí. Dúpẹ́, má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn ru ẹrù rẹ láéláé."

Láyí fèsì.

"Ìyá Dúpẹ́, mo ti gbà pé mo dà wọ́n pọ̀ láìmọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún ara mi pé ẹnu mi ni mo fi pa ọmọ mi."

Àrìnkẹ́ tún bẹ̀ ẹ́. Láyí dìde.

"Alice, ìyá Wọlé, ṣì wà n'Ìdòó. Ó gbà pé ìbúra mi ló pa ọmọ náà, ìyẹn ló fi kó kúrò nílé mi. Jẹ́ kí Dúpẹ́ bá mi lọ. Bí mo bá dá nìkan sọ ọ́, kò ní gbà mí gbọ́."

Dúpẹ́ wo ojú ìyá rẹ̀. Ó wé gèlè rẹ̀, ó sì tẹ̀lé Láyí jáde.