Ohùn Tó Wà Nínú Búùtù Ọkọ̀ Fausto

Nereida, jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ mi ní ọsibítù báyìí, bí ẹni ń fọ aṣọ tó ti pinnu pé òun ò ní mọ́ mọ́, dókítà sì ti wá ń bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ jù. Tí dókítà bá ti ń ṣe jẹ́jẹ́, kí èèyàn yáa tú àpò ara rẹ̀ wò. Mo tú tèmi. Ohun tí mo bá níbẹ̀ kì í ṣe tèmi, ìwọ lo ni ín, ó sì ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti gbé e pamọ́. Màá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí o mọ̀ àtèyí tí o kò mọ̀, torí èyí tí o rò pé o mọ̀ gan-an ni mo bà jẹ́.

Nígbà tí Fausto ọkọ rẹ kú, ọkọ̀ Corolla kan ló fi sílẹ̀ fún ọ, pẹ̀lú rédíò tí wọ́n ṣe mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́, àti kásẹ́ẹ̀tì kan tó fi gìtá àti ẹnu ara rẹ̀ gba orin mẹ́rin sí nítorí rẹ. Gbogbo ọjọ́ Sunday lo máa ń gbé ọkọ̀ náà wá síbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ ní Moca ìlú wa, níbi tí àwọn ọkùnrin wa ti ń mu bíà tútù, tí wọ́n ń fi ariwo sípíkà ọkọ̀ wọn bú ara wọn. Ìwọ náà á ṣílẹ̀kùn, wàá tan ti Fausto. Ó dà bí ẹ̀fọn tó ń kọrin láàárín màlúù. Ìgbà tí ẹ̀rín wọn sú ọ lo wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń so sípíkà mọ́ ọkọ̀. O ní: “Ọ̀gá Eligio, mi ò fẹ́ rédíò tuntun o. Èyí tí Fausto fọwọ́ kàn ni mo fẹ́. Ohùn ẹ̀ ló rù jù. Ẹ bá mi fi ẹran sí i lára.”

Mo ní kò sí wàhálà. Mo ṣàlàyé bí màá ṣe fa wáyà láti ara sípíkà ẹ̀yìn lọ sínú áńpílífáyà tó ń sọ ohùn di ńlá, láti ibẹ̀ bọ́ sára wúfà, sípíkà ràgàjì tó ń dún gbì, nínú búùtù, tí rédíò náà ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kan òun. Mo fọ́nnu gan-an. Ohun tí n kò sọ ni pé ọjọ́ tí Fausto kọ́kọ́ mú ọ wá sáàárín wa ni ọkàn mi ti kúrò lọ́wọ́ mi. Èmi ni elégbè rẹ̀. Àní níbi ìgbéyàwó yín, gbogbo orin tó kọ sí ọ, mo bá a gbè é. Láti ẹ̀yìn èjìká ẹlòmíràn ni mo ti ń kọrin ìfẹ́ sí ọ, inú rẹ sì ń dùn sí ẹni tó wà níwájú.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ náà, mo yọ kásẹ́ẹ̀tì jáde kí eruku má baà bà á jẹ́. Mo wá ibi tó mọ́ tónítóní láti gbé e sí. Wúfà ti dojú délẹ̀ lórí tábìlì, ìdí rẹ̀ tẹ́jú, ó ń dán bí àwo oúnjẹ. Ibẹ̀ ni mo gbé Fausto sí. Irin òòfà ló wà ní ìdí wúfà, Nereida, irin òòfà tó tóbi ju orí ọmọ tuntun lọ, ó sì máa ń nu kásẹ́ẹ̀tì nù bí ẹni ń nu ojú pátákó. Ẹni tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ kan nínú iṣẹ́ wa mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo ti lo ọdún méjìlélógún, mo fi í síbẹ̀ láti àárọ̀, mo lọ jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà, mo tún bu kún un. Ìgbà tí mo dé tí mo tan án, ohun tí mo gbọ́ dà bí ẹni ń dín ẹyin. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan mọ́.

Mo dúró síwájú díńgí, mo ń kọ́ bí màá ṣe sọ ọ́: “Nereida, mo ti pa ọkọ rẹ lẹ́ẹ̀kejì.” Kò jáde dáadáa. Ṣé o rántí pé èmi ni mo sín àlùfáà jẹ lórí ìtàgé ọdún ìlú, tí àlùfáà fúnra rẹ̀ yíjú wẹ̀yìn pé ta ló pe òun? Ẹnu yẹn náà ni mo lò. Mo gbé gìtá àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wọnú ọkọ̀ yín ní aago kan ọ̀sán, mo ti gbogbo wíńdò, òógùn bò mí bí ẹran nínú ìkòkò, mo sì kọ orin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí kásẹ́ẹ̀tì náà. Ibi tí Fausto ti wúkọ́, mo wúkọ́. Ibi tó ti pe orúkọ rẹ, mo pè é. Ojú ń tì mí láti sọ pé n kò kọrin dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

O dé, mo tan án, nọ́ńbà ọkọ̀ ń gbọ̀n gìdìgìdì. O gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdérí búùtù, o wá ní, “Ọ̀gá, ohùn ẹ̀ ti yí padà.” Nereida, ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Mo ní kò yí padà, sípíkà kékeré ló ti ń jẹ ìdajì ohùn rẹ̀ látọjọ́ yìí, ìdajì tó ń jẹ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́. Ìwọ sì bú sẹ́kún, o ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, pé o ti gbé pẹ̀lú ìdajì ohùn ọkọ rẹ o kò mọ̀.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń jókòó lódìkejì ọkọ̀ rẹ pẹ̀lú ìgò bíà kan nìyẹn, Sunday lẹ́yìn Sunday. Mò ń gbọ́ ẹnu ara mi tó ń sọ fún ọ pé mo fẹ́ràn rẹ, ìwọ sì di ojú, o fọwọ́ lé búùtù. Mo jowú òkú. Ó tún burú débi pé mo jowú ara mi.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Persio bẹ̀rẹ̀, Persio tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ lódìkejì ọ̀nà. Píà ló ń gbé fún ọ lónìí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́la. Ó wá dórí pé ó ń bá ọ nu gíláàsì ọkọ̀. Ìwọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Sunday kan o kò wá. Ìkejì, o wá, òun ló jókòó níwájú, ẹ ò sì tan kásẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ tí wáyà kan já, o gbé ọkọ̀ wá, o sọ fún mi pé Persio ti ní kí o fẹ́ òun, pé lẹ́yìn Àjíǹde ni wàá dá a lóhùn. Mo kí ọ kú oríire.

Èyí ni mi ò lè gbé wọ sàréè. Ọjọ́ méjì ni ọkọ̀ náà fi wà lọ́dọ̀ mi. Lẹ́yìn orin kẹrin, àyè ṣì kù lórí kásẹ́ẹ̀tì. Mo rẹ ohùn Fausto sílẹ̀ bí ẹni fẹnu sórí ìrọ̀rí, mo ní: “Nereida, tí mo bá lọ, má fi ẹnikẹ́ni sí àyè mi. Dúró dè mí.” Mo wá sọ fún ọ pé mo ti fi áńpílífáyà tó lágbára sí i, pé ohun tó wà nísàlẹ̀ látijọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. O gbọ́ ọ, o ò sunkún lọ́jọ́ yẹn. O sọdá tààrà lọ bá Persio. Mo ń wò yín láti ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ń gé ẹran sàlámì fún oníbàárà kan, ọ̀bẹ dúró. Nígbà tí o lọ tán, ó tẹríba, ó ń gé e lọ, kódà lẹ́yìn tí oníbàárà ti gba tirẹ̀ lọ. Kì í ṣe kí n lè fẹ́ ọ ni mo ṣe ṣe é o. Sunday mi ni mo fẹ́ gbà padà.

Mo gbà á padà. Ó tún ń wù mí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, mo fá irùngbọ̀n, mo da lọ́fínńdà sára títí adìyẹ fi sá fún mi, mo wá sílé rẹ, mo sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi. O di ọwọ́ mi mú. O ní: “Ọ̀gá Eligio, ẹ má bínú. Lẹ́yìn Fausto, Persio nìkan lọkàn mi fà sí, mo sì ní kó máa lọ. Ṣebí ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí Fausto sọ. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ.” Mo rẹ́rìn-ín délé, kí ó tó di ẹkún. Mo lọ tọrọ obìnrin, èmi fúnra mi ni mo dá ara mi lóhùn pé rárá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń so wúfà kiri, tí Nereida bá jẹ́ kẹ́ ẹ ka èyí: ẹ lè tún wáyà tó já ṣe, ẹ sì lè jẹ́wọ́ kásẹ́ẹ̀tì tó bàjẹ́ lọ́jọ́ tó bà jẹ́ gan-an. Obìnrin á bú yín, á sunkún, á lọ sílé. Ẹ jẹ́ kó bú yín.

Nereida, Fausto ò ní kí o dúró de òun. Fausto tí èmi mọ̀, tó máa ń dìde fún àlejò kí ó jókòó sórí àga òun, kò lè sọ bẹ́ẹ̀ láéláé. Èmi ni. Persio ò sì fẹ́ ẹlòmíràn. Gbogbo Tuesday ló ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi ní ọsibítù, ọbẹ̀ yẹn sì ń pa mí ju kíndìnrín lọ. Òun ni mo fi ìwé yìí rán. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, mo kàn ní kó dúró gba èsì, ó sì ṣeé ṣe kó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ báyìí, kó bọ́ fìlà sọ́wọ́. Tó bá yá, tí o bá lè ṣe é, dárí jì mí. Kọ́kọ́ ní kó wọlé ná.